Gíláàsì Eré Ọkọ̀ tí Mo Lọ Yàn fún Àwẹ̀ró ní Ìlú Olójúméjìlá

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin alápákó tí òjò lé wọ abẹ́ páànù yìí. Ẹ̀rọ ìlagi ti dákẹ́, òjò kò sì ní dá kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó, kó jókòó sórí pákó. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó má dúró sí ẹ̀yìn mi, nítorí n kì í fẹ́ kí ènìyàn dúró sí ẹ̀yìn mi. Èmi ni Ọdẹ́dìran, ọmọ Ọdẹ́jìmí, ọkọ Àwẹ̀ró tó ń wa ọkọ̀ agbégẹdú. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá sọ lónìí, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà nígbà tí n kò bá sí mọ́.

Àwọn ọdẹ mìíràn a máa yangàn pé àwọn dojú kọ ẹfọ̀n, àwọn dojú kọ erin. Èmi kò dojú kọ nǹkan kan rí. Ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí gbogbo wọn. Ẹ wo ara mi láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ wá àpá kan níbẹ̀. Ọdẹ méje ni a jọ wọ ẹgbẹ́ lọ́dún kan náà. Mélòó ló kù?

Látóyè ló dá mi lóhùn láti orí pákó tó jókòó lé. Ó ní, "Èmi àti ìwọ ni. Ẹsẹ̀ kan ni mo sì fi wà."

Ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ni ti Látóyè, méjì ni tèmi. Ẹ̀rù ló bá mi tọ́jú ìkejì.

Ẹ ó rántí ọkọ̀ Àwẹ̀ró, èyí tí a kọ Agbérù-má-rojọ́ sí níwájú. Ọkọ̀ náà dàgbà ju Ọdẹ́bùnmi àkọ́bí wa lọ. Sítíárìn rẹ̀ ti jẹ. Bí o bá yí i, yóò kọ́kọ́ yí lásán, bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ wò, kí táyà tó gbọ́. Nítorí náà ẹni tó ń wà á gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ kí kọ́nà tó dé. Lọ́jọ́ tí n kò bá lọ sóko ọdẹ, èmi ni mo máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí mo ń fi igi dí ẹsẹ̀ táyà bí a bá dúró lórí òkè. Ojú mi kì í kúrò lójú ọ̀nà. Bí mo bá rí ohun tó jọ kọ́nà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀rù yóò ti mú mi, mo ti pariwo, "Ó dé o." Bí mo bá sì ti pariwo, Àwẹ̀ró ti yí sítíárìn. Ọdún méjìlélógún la fi wakọ̀ báyìí, a kò kó sí kòtò rí. Ẹ fi èyí sápò, a ó mú un jáde.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, a lọ gbé igi ọ̀gánwó kan nínú Igbó Àìwẹ̀yìn. Ẹni tó rán wa kò sọ fún wa pé igi náà kì í ṣe igi lásán. Òpó tí àwọn iwin fi ń parí eré ìje wọn ni. A gé e, a gbé e, a dè é. Bí a ti ń de okùn ìkẹyìn, atẹ́gùn kan kọjá. Ó padà, ó tún kọjá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí n tó rí i pé kì í ṣe atẹ́gùn. Ẹnì kan ló ń sáré. Nígbà tó dúró, èéfín ń rú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ gùn débi pé òun ti dé, irùngbọ̀n ṣì ń bọ̀ lójú ọ̀nà, a sì ní láti dúró dè é kí ọ̀rọ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀. Ọba Eré-Ò-Tán nìyẹn.

"Ta ló wa ọkọ̀ yìí?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Èmi ni, Kábíyèsí."

"Ta ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Ọkọ mi ni. Ó ń wo táyà."

Ẹ wo obìnrin tó ń bo àṣírí ọkọ. Mi ò wo táyà kankan. Ojú mi dì pa.

Ọba ní, "Ẹ ti gé òpó wa. Láti òní lọ, kò sí iwin tí yóò mọ ibi tí eré òun parí sí, a ó kàn máa sáré títí láé. Ìwọ obìnrin, a ó jọ jẹ ìyà rẹ̀ ni. Igi wa ni wàá máa kó, o kò sì ní dúró. Irun orí rẹ yóò funfun, funfun náà yóò sì gbó."

"Kábíyèsí, a kò mọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀?"

"Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mọ̀, eré ni. Bá Ẹ̀fúùfù ọmọ mi díje. Bí o bá ṣáájú rẹ̀ dé òpin, máa lọ sílé. Inú gíláàsì la ó ti sá a, pẹ̀lú sítíárìn àti bíréèkì, bí àwọn ọmọ yín ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe géèmù ọkọ̀ ní ìlú. Sítíárìn, mo ní in. Bíréèkì, mo ní in. Tábìlì wà, ìnà apá kan péré ni yóò sì wà láàárín ojú rẹ àti gíláàsì. Ṣùgbọ́n òfin wa ni pé olúkúlùkù ló ń mú gíláàsì tirẹ̀ wá. Ọmọ mi ti ní. Kí ẹni tó ń wo táyà lọ yan tìrẹ wá kó tó di ọjọ́ keje. Bó bá yàn án dáadáa, ó yàn án fún ọ. Bó bá ṣì í yàn, ìwọ ló máa jẹ ìyà rẹ̀."

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sí mi lábẹ́ ọkọ̀. "Baba Ọdẹ́bùnmi, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ṣé wàá lọ?"

Mo ní, "Ṣé ọ̀nà kan wà tí kò ní ẹranko?"

Ó ní, "Kò sí. Gíláàsì pẹlẹbẹ ni o, bíi tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù Bánjọ. Má torí pé ó wù ọ́ lójú gbé e o. Èyí tí mo lè fi wakọ̀ ni kí o gbé wá." Ó fa àdá kékeré rẹ̀ yọ, ó tì í sí mi lọ́wọ́. N kò rí kí obìnrin náà yọ àdá yẹn fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ọjọ́ yẹn. Ìyẹn ló gbé mi dìde.

Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ni Igbó Ìpẹ́-Ojú. Nínú igbó yìí, nǹkan a ti ṣẹlẹ̀ tán kí ojú tó rí i. Ẹ̀ka igi kan gbá mi létí. Mo wòkè, ẹ̀ka náà ṣì wà lórí igi, kò tíì já. Mo dúró, mò ń wò ó. Ó wá já wẹ́rẹ́, ó bọ́ sí ibi tí etí mi ti wà. Mo gbé ẹsẹ̀ síwájú, omi tútù dé mi lórúnkún, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni mò ń wò. Ẹyẹ kan ti kọrin tán kó tó la ẹnu. Ẹ̀yin ará, mo gbàgbé ẹ̀rù fún ìgbà díẹ̀. Ó dà bíi pé ayé ti lọ síwájú, tí ojú mi sì jẹ́ àlejò tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Bàbá kan jókòó sórí kùkùté níbẹ̀. Ó kí mi, "Ọdẹ, o kú ìrìn," ètè rẹ̀ kò mì. Ó ti dákẹ́ tán kí ètè náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ó ní, "Àlọ́ kan ni owó oníbodè níbí. Kí ló ń pa ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́?"

Mo ṣì ń ronú nígbà tí mo gbóòórùn ẹkùn. N kò rí ẹkùn o. Òórùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Ẹ̀yin akọni tí ẹ wà níbí, mo mọ ohun tí ẹ̀ bá ṣe. Ẹ̀ bá dúró kí ẹ rí i, kí ẹ na ìbọn sí i. Èmi kò dúró rí ẹnikẹ́ni. Kí bàbá náà tó mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ti wà lórí òkè kejì. Ibẹ̀ ni mo ti yíjú padà, mo sì rí i: ẹkùn náà fò láti inú ewé, ó gùn tó ilé, ó sì fi gbogbo ẹwà rẹ̀ balẹ̀ sí ibi tí mo ti kúrò. Eyín rẹ̀ pàdé lórí òfìfo.

Ohùn bàbá náà bá mi lókè. "Ọdẹ, ẹsẹ̀ rẹ ti dá mi lóhùn. Ìpẹ́ ni. Ojú tó mọ́ tó sì pẹ́, ojú òkú ni. Máa lọ."

Èyí kò ṣe àjèjì sí ẹni tó ti yin ìbọn ṣakabùlà rí. O fà á, ètù gbiná, ó ronú díẹ̀, kó tó dún. Nínú ìrònú díẹ̀ yẹn ni ẹtu fi ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Láti ibẹ̀ mo bọ́ sí Ìlú Onírù. Àwọn ará ibẹ̀ dára lójú. Aṣọ wọn pupa ju èyíkéyìí tí mo mọ̀ lọ, dúdú ara wọn dúdú dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé ẹsẹ̀, àwòrán rẹ̀ kì í fẹ́ kúrò níbi tó ti wà. Obìnrin kan rékọjá pópó, méje ló rékọjá: òun níwájú, mẹ́fà tó ń ṣá lọ lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Mo rí Baálẹ̀ wọn tó ń bọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín.

Baálẹ̀, obìnrin ni, ti wà ní ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Ọkọ mi, ìrù mi kẹrin lo ń kí yẹn. Èmi ti kọjá tipẹ́."

Mo ní, "Ẹ máà bínú, Ìyá. Èyí tó kàn mí ni mo kí."

"Ẹni tó ń wá ohun tó ń sáré kò gbọdọ̀ kí ìrù. Àkùkọ mi nìyẹn. Mú un fún mi, kí o tó rí ọ̀nà lọ."

Àkùkọ náà dúró lórí odi. Mo lè ka ìyẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pupa rẹ̀ bí epo tuntun, idẹ wà ní ọrùn rẹ̀. Mo ní irú ẹ̀dá rere wo nìyí. Bó ti fo sílẹ̀ tó sáré, ó di ọ̀wọ́. Mo bọ́ lé èkíní, òfo. Mo bọ́ lé ìkejì, òfo. Eékún mi bó. Ìgbà tó rẹ̀ mí tán ni mo jókòó tí mò ń wò wọ́n, mo sì rí i pé òótọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo wọn, iwájú pátápátá ló sì máa ń wà. Mo lọ ba níwájú ibi tó ń sá lọ, mo mú un. Baálẹ̀ gba àkùkọ rẹ̀, ó ní, "O ti mọ̀ ọ́n. Má ṣe yan ohun kan nígbà tó bá dúró. Jẹ́ kó sáré lójú rẹ ná."

Ọjọ́ karùn-ún ni mo dé Ìlú Olójúméjìlá. Ẹ jẹ́ kí n mí.

Gbogbo ògiri ìlú náà ló jẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ. Kò sí àtùpà, kò sí oòrùn, inú gíláàsì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Mo rí òkun nínú ọ̀kan, ó ń ru, kò sì kán sílẹ̀. Mo rí òjò nínú òmíràn, mo sì fi ọwọ́ bo orí. Mo rí ọ̀nà tó lọ títí tó fi di òwú, ọkọ̀ kékeré kan ń sá lórí rẹ̀, eruku rẹ̀ sì ń fò, mo sín. Inú mi wá tutù, mo di ọmọdé. Mo rò pé bí Ẹlẹ́dàá bá ń wo ayé, bóyá bí Ó ti ń wò ó nìyí.

Ìyá tó ni ìlú náà jókòó ní àárín ọjà. Ojú méjìlá ló ní. Mẹ́fà ń sùn, mẹ́fà ń wò mí.

"Káàbọ̀, ọkọ awakọ̀. Gíláàsì eré ọkọ̀ lo wá wá. Mẹ́ta rèé. Yan ọ̀kan. Bí o bá ti gbé e, o kò lè dá a padà."

Èkíní tóbi tó ògiri yàrá, ó sì tẹ̀ bí ọrun, bíi pé yóò gbá ènìyàn mọ́ra. Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní tí Àwẹ̀ró bá jókòó níwájú èyí, ayé ni yóò máa wà. Ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀rọ̀ ọba. Mo na apá mi, mo fi ìka kan gíláàsì náà, mo fi ojú mi sí ibi tí apá mi ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà wà lápá òsì, dígí ẹ̀yìn ọkọ̀ wà lápá ọ̀tún, mo sì ní láti máa yí ọrùn bí adìyẹ tó ń wá ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ erin jù, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò rí.

Ìyá náà ní, "Ṣé o kò fẹ́ ńlá?"

"Mo fẹ́ ẹ, Ìyá. Tábìlì ni kò fẹ́ ẹ."

Ìkejì kò tóbi jù. Àwọ̀ inú rẹ̀ ni mo lè fi ọjọ́ kan ròyìn. Dúdú rẹ̀ jẹ́ dúdú inú kànga. Ẹtu kan dúró nínú rẹ̀, irun etí rẹ̀ ń tàn. Ọwọ́ mi ti ń lọ gbé e. Ìgbà náà ni eékún mi tó bó ta mí. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sáré." Ìyá pàtẹ́wọ́. Ẹtu sáré, ìrù mẹ́rin sì tẹ̀lé e lẹ́yìn. Mo gbé ọwọ́ mi padà.

Ìkẹta kò ní ohun tí ènìyàn yóò ròyìn. Ojú rẹ̀ kò dán. Mo wò ó, n kò rí ojú ara mi nínú rẹ̀ bí mo ti rí i nínú àwọn yòókù, ọ̀nà nìkan ni mo rí. Fífẹ̀ rẹ̀ ṣe déédéé bí mo ti na apá. Ìyá pàtẹ́wọ́, ẹtu sáré, ẹtu kan ṣoṣo. Mo ní kí ó fún mi ní ohun tí mo lè tẹ̀. Ó fún mi ní bọ́tìnnì kan, ó ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́, iná yóò tàn nínú gíláàsì. Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ńlá lákọ̀ọ́kọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ronú bí ìbọn mi, kí iná tó tàn. Mo gbé e wá sọ́dọ̀ ìkẹta. Mo tẹ̀ ẹ́. N kò lè sọ fún yín pé mo tẹ̀ ẹ́ kí iná tó tàn. Ìka mi àti iná, wọ́n jọ jẹ́ ohun kan ni. Mo tún un ṣe títí, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí ní gbogbo ayé mi n kò tíì bá ohun tí kò pẹ́ pàdé rí.

Mo bi í pé, "Ìyá, àwòrán mélòó ló wà nínú rẹ̀ láàárín ìgbà tí ènìyàn bá fi ṣẹ́jú?"

"Ó ju ọgọ́ta lọ. Ojú mi méjìlá kò kà á tán."

"Òun ni mo mú. Kí ni kí n san?"

"Sọ fún mi nípa ẹni tí yóò máa wò ó."

Mo wá sọ nípa Àwẹ̀ró. Bó ti máa ń fi aṣọ nu ojú gíláàsì ọkọ̀ kó tó nu ojú ara rẹ̀. Sítíárìn tó ń ronú. Bí mo ti máa ń pariwo, tí ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń tẹ̀lé ohùn mi. Ọdún méjìlélógún láìṣubú. Nígbà tí mo máa fi sọ ọ́ tán, ojú méjìlá náà ti là, mẹ́ta nínú wọn ń dami.

Ó ní, "Gbé e lọ. Gíláàsì yìí kò ní purọ́ fún ìyàwó rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ irọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bá a gbé. Kí ẹ ṣọ́ra nígbà tí òótọ́ bá dé."

N kò mọ ohun tó ń wí. Mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ, mo sì sáré.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n to tábìlì méjì sí ààfin. Ẹ̀fúùfù, ọmọ ọba, ti jókòó. Ọmọbìnrin tín-ín-rín ni, ojú rẹ̀ kì í gbé ibì kan. Gíláàsì tirẹ̀ tó ilẹ̀kùn ààfin.

Ó wo tiwa, ó ní, "Ìyá, ṣé pátákó ìfọṣọ yín lẹ máa fi bá mi sáré?"

Àwẹ̀ró ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀kùn ńlá dára fún ẹni tó ń wọlé. Èmi ń jáde lọ ni." Ó sọ fún ọba pé ìjókòó mi wà ní ẹ̀gbẹ́ òun, nítorí òun kò wakọ̀ láìsí mi rí. Ọba gbà.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọn yóò yí ọ̀nà náà po. Ọba ju irùngbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, eré bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà inú gíláàsì náà kọjá ohun tí mo lè fi ẹnu sọ. Mo rí òkúta wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀. Mo rí koríko tó ń tẹ̀ bí a ti ń kọjá. Lókèèrè, mo rí kọ́nà. Ẹ̀rù mú mi, mo pariwo, "Ó dé o." Ọwọ́ Àwẹ̀ró yí. Bí ọwọ́ ti yí ni ọkọ̀ yí, kò ronú rárá, bẹ́ẹ̀ kọ́nà kò tíì dé. A lọ lu ògiri. Ó fa ọkọ̀ padà, ó sáré. Mo rí kọ́nà kejì, mo pariwo, a lu ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni a lu ògiri nínú ìyípo kìíní. Ẹ̀fúùfù ti di èérún lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo iwin ń rẹ́rìn-ín. Mo sì ń rò pé mo ti yan ikú fún ìyàwó mi láàárín gíláàsì mẹ́ta.

Àwẹ̀ró kò gbé ojú kúrò. "Baba Ọdẹ́bùnmi, ta ló ń pariwo?"

"Èmi ni."

"Gíláàsì yìí dára. Ẹnu rẹ ló ti ṣáájú rẹ̀."

Mo ní, "Mo gbọ́. Màá dákẹ́."

"Má dákẹ́. Ọwọ́ mi kò mọ ọ̀nà mìíràn tó máa gbà yí, àfi ohùn rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé ni kí o pè é pé ó dé. Má pè é nígbà tí ẹ̀rù bá dé."

Ẹ̀yin ará, ẹkùn ti fò sí mi rí. N kò sọ fún yín pé ó le. Èyí ló le. Kọ́nà ń bọ̀. Mo rí ògiri rẹ̀, funfun, ó ń tóbi. Gbogbo ẹran ara mi ní kí n pariwo. Mo ti eyín mọ́ ahọ́n. Ògiri náà tóbi títí mo fi rí ìlà tó sán lára rẹ̀, mo rí aláǹgbá tó wà nínú ìlà náà, mo rí i tó mí. Ní àárín ìyẹn, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí kò ṣẹlẹ̀ rí: mo rí ohun tó ń bọ̀ bó ti rí gan-an. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ẹ̀yìn ìpéǹpéjú ni mo ti ń wo nǹkan. Bàbá mi máa ń sọ pé kí n dúró kí ẹran dé títí n ó fi lè ka irun ojú rẹ̀. N kò dúró rí. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò ọbẹ̀ mi fi máa ń gbẹ.

Mo ní, "Ó dé."

N kò pariwo. Mo kàn sọ ọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ yí, ọkọ̀ yọ̀ wọ inú kọ́nà bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ àkọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Àwẹ̀ró wí.

Báyìí ni a ṣe ìyípo kejì. Báyìí ni a ṣe ìkẹta. Ẹ̀rù kò kúrò lára mi o, ẹ má parọ́ mọ́ mi. Ó wà nínú ikùn mi, ó jókòó, ó ń dúró de ìgbà tí n óò rán an níṣẹ́. A bá eruku Ẹ̀fúùfù, tí gíláàsì ńlá rẹ̀ ń mú kó máa yí ọrùn ní gbogbo kọ́nà, a bá Ẹ̀fúùfù fúnra rẹ̀. A jọ wọ kọ́nà ìkẹyìn pọ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí a jáde níbẹ̀, mo gbé ojú kúrò lára kọ́nà fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí òpó ìparí.

Igi ọ̀gánwó wa ni. Igi tí a ti gé. Ó dúró nínú gíláàsì náà lódindi, gbogbo ewé rẹ̀ pé, oòrùn wà lórí rẹ̀. Àwẹ̀ró kò tẹ bíréèkì, ó tẹ iná mọ́ ọn, ó sì kọjá lábẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ẹ̀fúùfù kọjá lẹ́yìn wa, kò ju ìnà ọwọ́ kan lọ.

Ọba wá sí ẹ̀yìn wa. Ó fi ọwọ́ kan gíláàsì. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n láti ibí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Nínú gíláàsì ọmọ mi, a ti ń wá òpó yìí. Ìrù ohun gbogbo ti bò ó. Nínú tiyín, ó wà."

Àwẹ̀ró dìde, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, a gé tiyín. Ẹ gba èyí. Kí ẹ máa rí ibi tí eré ti ń parí."

Báyìí ni wọ́n fi wá sílẹ̀. Nígbà tí a ń jáde, a gbọ́ tí àwọn iwin ń sáré, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń dúró, wọ́n ń mí.

Látóyè ní, "Gíláàsì náà kò sí lọ́wọ́ rẹ nìyẹn."

Kò sí lọ́wọ́ mi. Bí o bá fẹ́ rí i, Igbó Àìwẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tó o láti dé ibẹ̀. Láti padà ni mi ò mọ̀.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí a wọ Agbérù-má-rojọ́ tí a dojú kọ ilé, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi bí akọni. Mo rí kọ́nà Ọ̀nà-Òkè tó ń bọ̀. Ojú mi kò dì. Mo dúró, mo dúró, mo ka ewé ọ̀pẹ tó wà létí rẹ̀, kọ́nà sì dé gan-an. Mo ní, "Ó dé."

Àwẹ̀ró yí sítíárìn. Sítíárìn ronú. Táyà iwájú méjèèjì bọ́ sínú gọ́tà.

Omi ń ro lábẹ́ wa. Àwẹ̀ró nu ojú gíláàsì ọkọ̀, ó nu ojú ara rẹ̀, ó sì wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ti rìnrìn àjò dé.

Ó ní, "Baba Ọdẹ́bùnmi, ọkọ̀ ilé nìyí. Jọ̀ọ́, máa bẹ̀rù."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi igi sí ẹsẹ̀ táyà, a ti ọkọ̀ jáde. Láti ibẹ̀ dé ilé, kò sí òkè, kò sí ihò, kò sí ewúrẹ́ tí n kò pariwo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé, ọwọ́ rẹ̀ sì ń tẹ̀lé mi, a sì dé ilé láyọ̀.

Òjò ti dá. Ẹ jẹ́ kí alápákó padà sídìí ẹ̀rọ, kí ọdẹ padà sóko. Ìwọ tó wà lẹ́yìn mi, mo ti mọ̀ pé o wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bọ́ síwájú.